Mo Gba Òkè Lọ Kí Ìyá Mi

Ìyá elépo ló mú iṣẹ́ náà wá. Ọjọ́ Sátidé ni, mo ń fọ aṣọ lẹ́yìn ilé àwọn olùkọ́ ní Ìjoun, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún nígbà náà. Ó sọ garawa epo rẹ̀ kalẹ̀, ó jókòó lé òkúta, ó sì kọ́kọ́ béèrè omi. Obìnrin yìí kì í dákẹ́ tó bá dé ọ̀dọ̀ mi, nítorí náà, bó ṣe mu omi láìsọ nǹkan kan, mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀. Ó nu ẹnu tán, ó ní, "Tíṣà, ìyá rẹ ní kó o wá. Ó ní kó o wá kí òun wò ọ́ dáadáa kí ojú náà tó pa dé."

Ojú ọ̀tún ìyá mi ti fọ́ láti nǹkan bí ọdún méjì ṣáájú. Ti òsì ń ṣú láti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ wá sí àárín, débi pé ó ti ń wo ayé bí ẹni ń yọjú láti inú ihò kọ́kọ́rọ́. Dókítà tí àbúrò mi ọkùnrin gbé e lọ bá ní Kétu sọ fún wọn pé àìsàn yìí kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń fi abẹ ṣí, pé èyí tó bá ti lọ kò ní padà, àti pé èyí tó kù náà kò ní ju ìgbà ọyẹ́ lọ. Kò sí ọ̀rọ̀ ikú níbẹ̀. Ara ìyá mi le, ó ń jẹun, ó sì ń bá ìyàwó àbúrò mi jà lórí iyọ̀ ọbẹ̀. Kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ mi ju kó rí ojú mi lọ, èmi àkọ́bí rẹ̀ tí kò tíì rí láti ìgbà Àjíǹde.

Ẹni tí kò bá mọ apá ọ̀dọ̀ wa lè rò pé ọ̀nà jìn. Bí mo bá jẹun àárọ̀ ní Ìjoun tí mo gun kẹ̀kẹ́, màá bá wọn jẹ oúnjẹ ọ̀sán lábúlé ìyá mi. Bọ́dà ló kàn wà láàrin. Bàbá mi ló jẹ́ ará ìhín, ti Nàìjíríà. Nígbà tó kú, ìyá mi kó ẹrù rẹ̀ padà sọ́dọ̀ àwọn ẹbí tirẹ̀ ní apá Kétu, kò sì sẹ́ni tó pè é ní ìrìn àjò. Ní kékeré, gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ìjọba méjì tó ni ilẹ̀ wa ni pé búrẹ́dì tọ̀hún gùn bí ọ̀pá, tiwa sì rí bíi bíríkì. Ọkùnrin kọ́sítọ́ọ̀mù tó máa ń jókòó sábẹ́ igi níbẹ̀ mọ orúkọ mi. Bí mo bá ń kọjá, ó máa ní kí n bá òun kí ìyá mi, á sì padà sídìí rédíò rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, rédíò yẹn kan náà ní ìjọba ológun ti ti gbogbo bọ́dà pa. A rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ kan ni, kí wọ́n fi dẹ́rù ba àwọn onífàyàwọ́, kí wọ́n sì ṣí i. Oṣù wọ oṣù. Wọ́n gbé ọkùnrin abẹ́ igi kúrò, wọ́n kó sọ́jà tí kò gbọ́ èdè wa wá, wọ́n to dùrọ́ọ̀mù dí ojú títì. Koríko bẹ̀rẹ̀ sí í hù lójú ọ̀nà tí mo ti ń fẹsẹ̀ rìn láti kékeré.

Ọ̀nà kò kúkú tán. Ọ̀nà oko pọ̀ láàrin Ìjoun sí tọ̀hún ju irun orí lọ, gbogbo ayé ló sì ń gbà á. Ìyá elépo fúnra rẹ̀ kò fi ọ̀sẹ̀ kan jókòó. Ó ní, "Ẹ̀gẹ́ tó wà nínú oko ga ju èèyàn lọ báyìí. Wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, ká jọ lọ láàárọ̀ ọ̀la. Wàá ti dé ẹsẹ̀ ìyá rẹ kí oòrùn tó mú."

Mo ní mi ò lè lọ. Mo ní òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí, pé wọ́n ti kọ̀wé sí gbogbo ilé ìwé pé olùkọ́ tí wọ́n bá mú lọ́nà ẹ̀yìn, kó máa lọ sílé rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ń dá èèyàn dúró lẹ́nu iṣẹ́ bí ẹni ń ṣa èso ni. Òótọ́ ni mo sọ, àmọ́ kì í ṣe òótọ́ náà tán. Èmi ni mo máa ń dúró níwájú àwọn ọmọ ní òwúrọ̀ Ajé tí màá ní ẹni tó ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn ń ja ìlú rẹ̀ lólè, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé ìdajì nínú wọn ni bàbá wọn ń gbà á. Ẹnu mi ti le jù kí n tó mọ̀ pé yóò kàn mí. Lábẹ́ gbogbo ìyẹn, ẹ̀rù sọ́jà ń bà mí. Èyí ni mi ò sọ fún ìyá elépo, mi ò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí di ìgbà tí mo darúgbó.

Ó wò mí. Kò bínú. Ó ní, "Kí ni kí n wá sọ fún un?" Mo ní kó sọ fún un pé mò ń bọ̀, pé mò ń wá ọ̀nà.

Àpárá ọ̀gá àgbà ilé ìwé wa ló la ọ̀nà náà. Mo ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìyá mi ní yàrá àwọn olùkọ́, ó ní, "Tíṣà, pápá ọkọ̀ òfurufú nìkan ni wọn ò tíì to dùrọ́ọ̀mù dí. Àfi kẹ́ ẹ fò lọ." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà sì rẹ́rìn-ín. Àmọ́ nígbà tí mo padà sí kíláàsì, mo kọ ìṣirò sójú pátákó, mi ò rí ohun tí mo kọ. Èmi nìyẹn: ohun tí wọ́n bá fi ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ ni mo máa ń fẹ́ ṣe. Ìyá mi ní láti inú oyún ni mo ti ń jiyàn.

Mo ti ń tọ́jú owó láti ra alùpùpù, irú èyí tí obìnrin lè gùn láìká aṣọ sókè, kí n lè máa fi lọ kí i ní Sátidé. Owó náà ni mo kó tọ àwọn onítíkẹ́ẹ̀tì lọ ní Èkó. Obìnrin tó wà nídìí tábìlì mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì fi sùúrù là á yé mi bí ẹni ń kọ́ ọmọ kékeré. Ọkọ̀ òfurufú kan péré ló ń lọ sí Kútọnu ní apá tọ̀hún láti Èkó, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti lọ́jọ́ Ẹtì. Kì í tilẹ̀ ṣe Kútọnu ló ń lọ gan-an. Abíjáànì ló ń lọ, ó kàn ń yà níbẹ̀ kó já èèyàn díẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin èrò Kútọnu ni wàhálà wa. Ìjókòó tẹ́ ẹ bá gbà láti Èkó, òfìfo ló máa wà láti Kútọnu dé Abíjáànì. Ìdí nìyẹn tó fi wọ́n tó bẹ́ẹ̀."

Mo bi í bóyá ọ̀nà mìíràn wà. Ó ní ó wà, tí mo bá lówó. Mo lè wọ èyí tó ń lọ sí Lọmẹ́ lọ́jọ́rú, kí n wá wọ takisí padà sẹ́yìn sí Kútọnu. Mo sì lè lọ sí Àkrà, kí n dúró ọjọ́ méjì, kí n wọ òmíràn tó ń padà bọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó sì bi mí kí ló dé. Mo sọ fún un pé láti ilé mi, ó kù díẹ̀ kí n máa gbọ́ àkùkọ tó ń kọ ní ìlú tí mò ń lọ. Kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní òun máa kọ mí sí ti ọjọ́ Ẹtì, tí mo bá ti ní pásípọ́ọ̀tù.

Mi ò ní pásípọ́ọ̀tù. Ta ló ní in ní Ìjoun? Mo lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣe é, mo sì ṣe àṣìṣe tí mo rò pé ará ọ̀dọ̀ wa nìkan ló lè ṣe é. Akọ̀wé tó gba fọ́ọ̀mù mi bi mí pé, "Ṣé ẹ ti jáde kúrò ní Nàìjíríà rí?" Mo ní rárá. Ó kọ ọ́. Ó bi mí pé ta ni mò ń lọ kí, mo ní ìyá mi. Ó ní ìgbà wo la ríra kẹ́yìn, mo ní ìgbà Àjíǹde.

"Ṣé ó wá kí yín ni?"

"Rárá, èmi ni mo lọ kí i. Mo máa ń lọ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì."

Ó gbé kálàmù rẹ̀ sílẹ̀, ó ń wò mí láti òkè délẹ̀. Mi ò purọ́ fún ọkùnrin náà. Ohun tí à ń pè ní jíjáde kúrò ní Nàìjíríà ni kéèyàn lọ sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí Mẹ́kà. Ilé ìyá ẹni kì í ṣe ìta. Ibi tí mo ti ń lọ láti ìgbà tí wọ́n ń pọ̀n mí, báwo ni màá ṣe ní mo jáde? Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé, àmọ́ bí mo ṣe ń ṣàlàyé ni mò ń dà bí onífàyàwọ́ sí i lójú rẹ̀. Ó fa fọ́ọ̀mù náà ya, ó ní kí n lọ kọ òmíràn, kí n gba ìwé lọ́wọ́ ọba tàbí alága ìbílẹ̀ pé èèyàn ibí ni mí, kí n sì padà wá. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́wọ́ mi.

Ní gbogbo àkókò yìí, ìyá elépo ń lọ, ó ń bọ̀. Bó bá dé, ó máa ní, "Ó ní ṣé o ti ń bọ̀?" Màá ní mò ń bọ̀. Nígbà tí pásípọ́ọ̀tù náà wá bọ́ sí mi lọ́wọ́, mo fi hàn án, mo ní kó sọ fún un pé ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni, pé bàálù ni màá wọ̀. Ó yẹ ìwé náà wò, ó rí àwòrán mi níbẹ̀. Ó ní, "Ó jọ ọ́. Ká ní mo lè mú èyí lọ fún un ni, ì bá rí nǹkan wò." Mo gba ìwé mi padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dùn mí, mi ò sì fẹ́ kó rí i pé ó dùn mí.

Mo gba ààyè lẹ́nu iṣẹ́. Mo wọ ọkọ̀ láti Ìjoun lọ sí Ayétòrò, láti Ayétòrò sí Abẹ́òkúta, láti Abẹ́òkúta sí Èkó, mò ń kọ ẹ̀yìn sí ìyá mi ní gbogbo ọ̀nà. Ọ̀nà yẹn gùn lọ́jọ́ náà. Àwọn tó jókòó tì mí ń sọ̀rọ̀ ọjà àti ọ̀rọ̀ ọmọ, èmi ń wo ojú fèrèsé. Bí ọkọ̀ bá ti kọjá abúlé kan, mo máa ń ṣírò bí mo ti jìnnà sí i tó, inú mi á sì bàjẹ́ sí i.

Lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, bàálù kò wá. Wọ́n ní ó wà ní Abíjáànì, nǹkan kan ló ṣe é. Wọ́n ní ká padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ó wá, àmọ́ wọ́n ní àwọn èrò Abíjáànì tó há láti ọjọ́ Ẹtì ló máa kọ́kọ́ wọ̀ ọ́; kí gbogbo èrò Kútọnu rọra bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lọ́jọ́ Ẹtì kejì wọ́n ń pe orúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ti gbé àpò mi lọ́wọ́. Wọ́n pe ọkùnrin kan tó wọ kóòtù, wọ́n pe ìyá kan àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀, wọ́n sì pa ìwé náà dé. Mo dúró sójú kan náà fúngbà díẹ̀, mo rò pé ó lè ku ojú ìwé kan tí wọn ò tíì ṣí.

Yàrá ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìkẹjà ni mo ń sùn, ọ̀rẹ́ tá a jọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Ó máa ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, kì í sì í wọlé títí oòrùn á fi wọ̀. Èmi nìkan ló ń wà nínú yàrá náà láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú àpò mi tí mo ti dì. Mò ń gbọ́ bí àwọn ará ilé ṣe ń kí ara wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ mí kó lè kí mi. Mi ò dá wà bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Nígbà mìíràn màá sọ̀rọ̀ sókè kí n lè gbọ́ ohùn ènìyàn, màá ní, "Màmá, mò ń bọ̀ o," màá sì tún dákẹ́.

Ẹ má wulẹ̀ rò pé kò wá sí mi lọ́kàn. Ojoojúmọ́ ló ń wá. Mo lè padà sí Ìjoun lọ́jọ́ kan, kí n wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, kí n tẹ̀lé ìyá elépo gba àárín ẹ̀gẹ́ lọ, kí n sì dé ọ̀dọ̀ ìyá mi lọ́jọ́ kejì. Àmọ́ mo ti náwó. Mo ti gba ààyè. Mo ti sọ fún gbogbo ilé ìwé pé bàálù ni mo fẹ́ wọ̀, mo sì ń wo bí wọ́n ṣe máa fi mí rẹ́rìn-ín tí mo bá padà láìwọ̀ ọ́. Ohun tó mú mi jókòó ní Ìkẹjà nìyẹn. Ká ní ẹlòmíràn ló ṣe é, màá pè é ní òmùgọ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kejì, wọ́n pe orúkọ mi. Ó pé ọjọ́ mọ́kànlá sí ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nìyẹn. Ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni wọ́n fún mi. Nígbà tá a gbéra, ẹ̀rù kò tilẹ̀ ráyè bà mí, torí ilẹ̀ ni mò ń wò. Mo fẹ́ rí bọ́dà. Mo rò pé láti òkè, ohun tó ti lágbára tó báyìí láti pín èmi àti ìyá mi níyà yóò ní àmì kan, ògiri, tàbí ilẹ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Mo rí òkun lápá òsì, mo rí ọ̀sà àti igbó, mo rí igbó sí i. Wọ́n fún wa ní omi ọsàn nínú ife, mi ò tíì mu ún dé ìdajì tí wọ́n fi ní ká de ara wa mọ́ ìjókòó. Ọkùnrin tó jókòó tì mí ń bá ìwé ìròyìn rẹ̀ lọ. Mo sunkún díẹ̀, kò sì mọ̀.

Ní Kútọnu, ọlọ́pàá tó gba ìwé mi fi èdè Faransé béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi, mo dá a lóhùn pẹ̀lú ìwọ̀nba tí mo gbọ́. Ó ní ṣé àkọ́wá mi nìyí. Lọ́tẹ̀ yìí mo ti gbọ́n, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó lu òǹtẹ̀ sí i. Mo wọ takisí lọ sí Àjàṣẹ́, mo wọ òmíràn lọ sí Pọ́bẹ̀, mo wọ òmíràn lọ sí Kétu, a di méje sínú ọkọ̀ tí ó yẹ kó gba mẹ́rin. Ní Kétu ni mo ti gba alùpùpù. Ó ti fẹ́ di ìrọ̀lẹ́. Ọlọ́kadà náà bi mí pé ibo gan-an la máa yà, mo sì rí i pé mi ò mọ̀. Mi ò tíì gba apá ibẹ̀ wọ abúlé ìyá mi rí. Èmi tí mo lè di ojú mi rìn ín láti apá Ìjoun, mo ń sọ fún ọlọ́kadà pé kó dúró kí n béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ń pọnmi. Wọ́n nawọ́ sí i fún mi, wọ́n sì kí mi bí wọ́n ṣe ń kí àlejò.

Ìyàwó àbúrò mi ló wà nílé, ó ń gún ata. Ó rí mi, ó ju ọmọ odó sílẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó sì dìde dì mọ́ mi. Mo rò pé á rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú rẹ̀ kò dúró sójú mi. Mo ní, "Màmá ńkọ́?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ara wọn yá." Ó fa aṣọ rẹ̀ tọ́. "Ojú náà ti pa dé. Wọ́n jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ní ká ṣí fèrèsé. Fèrèsé ti wà ní ṣíṣí. Ó pé ọjọ́ mẹ́sàn-án lónìí."

Ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mi ò lè ṣe kí n má kà á. Ká ní bàálù àkọ́kọ́ gbéra, ì bá ti rí mi fún ọjọ́ méjì. Ká ní mo lọ ní òwúrọ̀ tí ìyá elépo pè mí, ì bá ti wò mí títí á fi sú u. Mo jókòó lórí odó mìíràn tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, ìyàwó àbúrò mi sì dúró tì mí.

Mo bi í pé ibo ni Màmá wà. Ó ní ìpẹ̀kun abúlé, lápá ọ̀dọ̀ wa, níbi tí ọ̀nà Nàìjíríà ti wọlé. Ó ní láti ìgbà tí mo ti ránṣẹ́ pé mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, Màmá máa ń ní kí wọ́n mú òun lọ jókòó síbẹ̀ láàárọ̀, kí wọ́n sì wá mú òun ní ìrọ̀lẹ́. "Mo sọ fún wọn, Ẹ̀gbọ́n. Mo ní bàálù ni, Kútọnu ló ń já sí, ẹ̀yìn ilé wa lẹ máa gbà yọ. Wọ́n ní kí n má da àwọn láàmú. Wọ́n ní kí ni ọmọ àwọn ń wá ní Kútọnu."

Ó fẹ́ tẹ̀lé mi, mo ní kó jókòó. Mo la abúlé kọjá. Àwọn tó mọ̀ mí ń dìde kí mi, mo ń dá wọn lóhùn, mi ò sì mọ ohun tí mò ń sọ. Mo rí i láti ẹ̀yìn. Ó jókòó lórí àpótí kékeré lábẹ́ igi òdán, ó wé gèlè, ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó sì kọjú sí ọ̀nà tí koríko ti bò. Ó ti gé èékánná rẹ̀. Ó múra fún mi.

Mi ò pè é. Mi ò mọ ìdí rẹ̀ títí dòní. Mo kàn rìn yí i ká, mo sì lọ dúró níwájú rẹ̀, bóyá mo rò pé dókítà lè ṣì í sọ, pé bí mo bá dúró níbi tí ó yẹ kí n dúró, ojú náà lè mọ̀ mí. Etí aṣọ mi kàn án ní orúnkún. Ó gbé orí sókè. Ojú rẹ̀ mọ́ tónítóní, kò sí ohun tó ṣe é, ó sì ń wò mí láìrí mi.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ìyá, ẹ yẹra díẹ̀ fún mi. Ẹ dí mi lójú. Mò ń wo ọmọ mi lọ́nà."

Mo yẹra. Mo yẹra lóòótọ́, bí ẹni tí kò létòó láti dúró níbẹ̀. Mo lọ jókòó sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì ń wo ọ̀nà tí òun náà ń wò. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.

"Màmá, èmi ni."

Ọ̀nà ló kọ́kọ́ na ọwọ́ sí, bí ẹni pé láti ibẹ̀ ni mo ti sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló yí sí mi. Ó fọwọ́ kan èjìká mi, ó gòkè sí ọrùn, ó wá fi ọwọ́ méjèèjì mú ojú mi, ó sì dì í mú pẹ́.

"Ìwọ ni. Ibo lo gbà wọlé tí mi ò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ?"

"Apá Kétu ni, Màmá. Bàálù ni mo wọ̀."

"Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Mo ní irọ́ ni, pé kí ni ìwọ tó o mọ ọ̀nà fẹ́ fi bàálù ṣe. Ìyá elépo ti dé lẹ́ẹ̀mẹ́fà láti ìgbà tí mo rán an sí ọ. Bó bá ti dé, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò."

Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìjọba. Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ pásípọ́ọ̀tù àti ti bàálù tí kò wá. Ojú tì mí. Ìyá mi kò tilẹ̀ dúró de èsì. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lójú mi, ó fi í lé itan, ó sì tẹ́ etí sílẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe tó bá fẹ́ kí n kàwé sí òun létí.

Ó ní, "Ó dáa. Sọ fún mi. Báwo lo ṣe rí báyìí?"

Mo ti kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń kọ àròkọ fún ọdún mẹ́wàá. Mo la ẹnu, mi ò sì mọ bí èèyàn ṣe ń sọ ojú ara rẹ̀ fún ìyá tó bí i. Ó dúró dè mí. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí irun.